Òǹkà Tí Kò Ní Ìbejì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin náà fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń pè é ní orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìyá Jù-ú-sókè ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o, nítorí pàṣán kì í jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá dán an wò lójú rẹ̀, ọwọ́ òsì ni yóò máa fi kọ̀wé títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí.

Ibi tí orúkọ náà ti wá kò ṣòro. Lọ́dọọdún, bí àwọn ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì karùn-ún, Ìyá á fún wọn ní iṣẹ́ kan lọ sílé. Kí oníkálukú mú owó onírin kan, kí ó jù ú sókè nígbà ọgọ́rùn-ún, kí ó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé bóyá iwájú ló yọ tàbí ẹ̀yìn. Iṣẹ́ náà kò gba ọgbọ́n, sùúrù ló gbà. Àwọn tó ní sùúrù á jù ú títí apá á fi máa ro wọ́n. Àwọn ọ̀lẹ á gbé owó sápò, wọ́n á jókòó sí ìdí fèrèsé, wọ́n á máa kọ iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀yìn, iwájú, bó bá ṣe wá sí wọn lórí. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá á ṣí ìwé wọn, kò sì ní pẹ́ tó kí ènìyàn mu ife omi kan tán kó tó máa nàka: "Ìwọ, o jù ú. Ìwọ náà jù ú. Ìwọ yìí, dìde, na ọwọ́ rẹ." Kò ṣì í rí. Àwọn ọmọ gbà pé ó ní ojú kẹta lẹ́yìn orí.

Kò ní ojú kankan lẹ́yìn orí. Owó onírin ni kò mọ ìtìjú. Bí ènìyàn bá jù ú nígbà ọgọ́rùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ibì kan á wà tí ojú kan náà á ti yọ lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí lẹ́ẹ̀mẹfà léraléra. Ẹni tó ń parọ́ ló ń tijú. Bó bá ti kọ iwájú lẹ́ẹ̀mẹta, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, á ní èyí ti pọ̀ jù, wọ́n á mú mi, á sì yára kọ ẹ̀yìn. Ìtìjú yẹn ni Ìyá máa ń wá nínú ìwé. Ó yẹ kó ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, torí ohun tí wọ́n gbà á síṣẹ́ fún nìyẹn. Kò ṣàlàyé rẹ̀ rí, láti ọdún kìn-ín-ní títí dé ọdún tó fẹ̀yìn tì. Ó dùn mọ́ ọn kí wọ́n máa bẹ̀rù òun. Ìgbéraga ni, kò lórúkọ mìíràn.

Ọmọkùnrin kan wà láàrin wọn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní Ẹ̀fọ́rí, nítorí bí àkókò ìṣirò bá ti tó ni orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Òun náà gbé owó sápò. Ìwé tó mú wá mọ́ tónítóní: iwájú àádọ́ta, ẹ̀yìn àádọ́ta, kò sì sí ibi tí ọ̀kan ti tẹ̀lé ara rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ìyá kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín kó tó fà á jáde. Ẹgba mẹ́fà ló fún un ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ó ń kà á sókè: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń béèrè pé, "Báwo lẹ ṣe mọ̀, Tíṣà? Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe mọ̀?" Ó fi ìkeje kún un nítorí ìbéèrè.

Káfíńtà ni ọkọ Ìyá. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹni tó lè lo odindi ọ̀sẹ̀ lórí ẹsẹ̀ àga kan ṣoṣo, tí oníbàárà á sì máa pariwo lórí rẹ̀, tí kò ní dáhùn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wọn. Ayùn, òòlù àti rándà tí wọ́n fi ń fá pákó wà lára ògiri bí ọwọ́ ṣe ń mú wọn sí, tábìlì iṣẹ́ ńlá kan wà láàrin, wọ́n sì de fáìsì mọ́ etí rẹ̀, irin ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n ń yí pọ̀ kó lè di pákó mú nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́ ẹ. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ sílé ọkọ níbi tó jìnnà. Àwọn méjèèjì ló kù nílé, tí wọ́n jọ ń tọ́jú ara wọn.

Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, àjọ elétò ìdìbò máa ń gba Ìyá láti ṣàkójọ èsì wọ́ọ̀dù wọn, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́, kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é. Bó bá délé, á da àwọn nọ́ńbà náà kọ sínú ìwé tirẹ̀. Bí àwọn ìyá mìíràn ṣe ń kó àwo olódòdó jọ ni òun ń kó nọ́ńbà jọ. Inú ìwé yẹn ló ti rí ohun kan tí ẹnì kankan kò kọ́ ọ. Bí àwọn ènìyàn bá dìbò ní tòótọ́, tí iye ìbò sì wọ ọgọ́rùn-ún sókè, nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá máa ń parí sí nọ́ńbà méjì tó jọra: 233, 477, 188, 300. Ó sọ wọ́n ní ìbejì. Kì í ṣe pé wọ́n ń tò wá lẹ́sẹẹsẹ o. Nígbà mìíràn mẹ́ta á wọlé tẹ̀lé ara wọn, nígbà mìíràn ogún nọ́ńbà á kọjá láìsí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n bí a bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á pé síbẹ̀. Ìbò náà kò mọ ìtìjú, gẹ́gẹ́ bí owó onírin.

Ìgbà tó yá, olóṣèlú kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọ̀gá Ńlá ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun jókòó kọ èsì tí ó wù wọ́n. Wọ́n kọ ọ́. Ẹjọ́ dé kóòtù, olùkọ́ yunifásítì kan dìde, ó ní òun kò tíì rí irú àwọn olùdìbò yìí rí, tó jẹ́ pé ní ibùdó lẹ́yìn ibùdó, márùn-ún márùn-ún tàbí mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń wá. Òdo àti márùn-ún ló kún ìparí gbogbo nọ́ńbà. Kóòtù rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gba ipò lọ́wọ́ Ọ̀gá Ńlá. Ó jókòó sílé fún ọdún mẹ́rin, ó ń ronú. Nígbà tí ìdìbò mìíràn dé, ó ti pinnu pé ẹni tó mọ nọ́ńbà ni yóò kọ nọ́ńbà. Ẹni tó sì ń darí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní àkókò yìí ni Ẹ̀fọ́rí. Ó ti di géńdé. Orí kì í fọ́ ọ mọ́, orí àwọn ẹlòmíràn ló ń fọ́.

Lọ́dún náà orúnkún kò jẹ́ kí Ìyá gba iṣẹ́ èsì. Òun àti ọkọ rẹ̀ kàn lọ dìbò láàárọ̀ bí gbogbo ènìyàn ni. Ọgbà ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ibùdó wọn. Ọmọbìnrin tó ń ta sítáǹbù níbẹ̀ ló ń ṣe alábòójútó ìbò. Ó tẹ tàdáwà sí Ìyá ní àtàǹpàkò, ó ní, "Ẹ rọra o, Màmá, kó má lọ kan aṣọ yín."

Tọkọtaya náà ṣì ń kí ará àdúgbò lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan já wọlé. Àwọn ọkùnrin bẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú àdá àti jálá epo bẹntiróòlù. Àwọn ènìyàn tú ká, bàtà ń fò. Ọmọbìnrin náà nìkan ni kò sá. Ó gbá àpótí ìbò mọ́ra. Ọ̀kan nínú wọn ní kó jù ú sílẹ̀. Ó ní wọ́n ti fi lé òun lọ́wọ́, òun ò lè jù ú sílẹ̀. Wọ́n ṣá ọwọ́ náà. Ó fi èyí tó kù di àpótí mú, ló wá kan ọrùn rẹ̀. Ó ṣubú lu àpótí náà, ìdérí rẹ̀ fọ́, àwọn ìwé ìbò dà sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ara wọn. Wọ́n da epo sí gbogbo rẹ̀, wọ́n ṣáná sí i, wọn kò sì kọ́kọ́ gbé ọmọbìnrin náà kúrò. Ìyá ń wò ó. Ọkọ rẹ̀ ní láti fi agbára fà á lọ.

Kí aago kan ọ̀sán tó lù, wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ kárí ibùdó mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tó wà ní wọ́ọ̀dù náà. Èéfín gba ojú ọ̀run. Ní aago méjì, wọ́n fi ẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wọlé.

"Ẹ kú ilé o, Tíṣà," ni ẹni tó ṣáájú wí, ó sì tẹríba. "Ẹ má bínú pé a ò kanlẹ̀kùn."

Ìyá kò dá a mọ̀. Ọkùnrin náà na àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sí i, bí ọmọ tó fẹ́ gba pàṣán.

"Ẹ̀fọ́rí," ni Ìyá wí.

"Ẹ ò gbàgbé mi!" Inú rẹ̀ dùn, ó dùn ní tòótọ́. Ó da fọ́ọ̀mù èsì mẹ́rìnlélọ́gọ́rin sórí tábìlì iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ òfìfo, òǹtẹ̀ ìjọba ti wà lára wọn. "Tíṣà, iṣẹ́ kékeré kan la bá wá. Aago mẹ́fà ni wọ́n ń retí ìwé yìí. Ọ̀gá fẹ́ nọ́ńbà tí ọmọ yunifásítì kankan ò ní lè tọ́ka sí. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, mo mọ ẹni tó máa ń dá onírọ́ mọ̀ lórí ìwé. Ẹ máa pè é, èmi á máa kọ ọ́."

"Mi ò ní ṣe é."

Ẹ̀fọ́rí kò jiyàn. Ó mi orí sí àwọn tó tẹ̀lé e. Méjì gbá káfíńtà mú, wọ́n ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ ẹnu fáìsì, ẹ̀kẹta sì di ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ mú. Ẹ̀fọ́rí fúnra rẹ̀ ló yí i.

"Ọ̀kan," ó ní.

Ní "èjì," Ìyá mọ ohùn náà. Ohùn tirẹ̀ ni, bó ṣe máa ń kà á níwájú kíláàsì, láìkánjú. Ní "ẹ̀ta," ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ pé kì í pariwo rí pariwo. Ní "ẹ̀rin," nǹkan kan ṣẹ́ nínú ọwọ́ náà bí igi ìdáná. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú ìyẹ̀fun pákó nílẹ̀, ìyẹ̀fun náà sì ń mu ún. Káfíńtà gbójú sókè, ó ń wá ojú ìyàwó rẹ̀. "Má ṣe é," ó ní, "ìyá ọmọ mi, má ṣe..." "Àrún," ni Ẹ̀fọ́rí wí. "Ẹ̀fà."

"Kí lọkọ mi fi ṣe ọ́?" Ìyá ké. "Kí ló fi ṣe ọ́? Èmi ni mo nà ọ́!"

"Ìkeje ni ti ìbéèrè," Ẹ̀fọ́rí dáhùn, ó sì yí i.

Ọkọ rẹ̀ dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó dá kú, orí rẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù. Ẹ̀fọ́rí fa àga kan fún Ìyá, ó sì fi etí aṣọ nù ún kó tó ní kó jókòó. "Ọwọ́ kan ṣì kù, Tíṣà, ọrùn náà sì wà níbẹ̀. Bí kóòtù bá rí àbùkù nínú ìwé tẹ́ ẹ máa pè fún mi yìí, mo máa padà wá mú wọn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mi ò parọ́."

Ìyá jókòó. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ìbínú gbóná lábẹ́ ẹ̀rù náà. Ó ń rí ọmọbìnrin onísítáǹbù náà. Ó rò ó pé bí òun bá kọ̀, wọ́n á pa ọkọ òun, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà náà bákan náà. Bí òun bá pè é dáadáa, òun ti bá wọn sin àwọn tó kú nìyẹn. Ibi tóóró kan ló kù láàrin méjèèjì, ó sì gba ibẹ̀.

"Òdo àti márùn-ún kò gbọdọ̀ pọ̀," ó ní.

"A mọ ìyẹn."

"Èyí tẹ́ ò mọ̀ ni pé ìbejì ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá rí 277, tó tún rí 344, á ní ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́."

Ẹ̀fọ́rí mi orí díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bá ọkàn rẹ̀ mu, bó ṣe ń bá ọkàn gbogbo ẹni tó ń parọ́ mu. "Ṣé ohun tẹ́ ẹ fi mú mi nígbà yẹn nìyẹn?"

Ó ti gbàgbé ohun tó kọ sínú ìwé náà, ẹgba nìkan ló rántí. Ìyá wò ó lójú. "Òun náà ni," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ló wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, èyí tó sọ ọ́ di nọ́ńbà 168. 214. 387. 160. 452. Kò sí ẹni tó mọ bó ṣe ṣòro tó kí ènìyàn máa pe irọ́ tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú kí ọkọ ẹni máa kérora létí ẹni, nítorí ó ti jí, fáìsì náà sì ṣì dì. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹnu Ìyá yọ̀, ó pe 299. Ẹ̀fọ́rí gbé kálàmù sókè.

"Tíṣà, ìbejì nìyẹn."

"O ṣeun," Ìyá dáhùn. "Kọ 298."

Ó sì yà á lẹ́nu pé inú òun dùn fún ìṣẹ́jú àáyá kan, bí inú tíṣà ṣe ń dùn bí ọmọ bá mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ó kórìíra ara rẹ̀.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n kó ìwé wọn lọ. Ẹ̀fọ́rí dúpẹ́ kó tó jáde. Ìyá ló tú fáìsì náà fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀meje ló yí i padà. Ohun tó wà láàrin rẹ̀ kò jọ ọwọ́ mọ́. Lọ́jọ́ kejì ni àwọn dókítà gé e ní ọrùn ọwọ́.

Wọ́n kéde Ọ̀gá Ńlá pé ó wọlé. Ẹgbẹ́ kejì gbẹ́jọ́ lọ sí kóòtù, wọ́n tún pe olùkọ́ yunifásítì náà. Ìyá gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò bó ṣe ń gbọn ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ nù lára ìwé nọ́ńbà rẹ̀, nítorí orí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù ló máa ń gbé e sí. Olùkọ́ náà ní òun ti wo ìparí nọ́ńbà gbogbo, wọ́n kárí dáadáa, òdo kò pọ̀, márùn-ún kò pọ̀, òun kò rí àbùkù kankan. Ìbejì kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn.

Ìyá pa rédíò. Àwọn agbẹjọ́rò máa parí ọ̀rọ̀ wọn lọ́jọ́ kejì, kóòtù á sì ti ìwé náà pa. Bí òun bá dákẹ́, ọkọ òun á yè. Ó ní kí òun dákẹ́.

Ọkọ rẹ̀ wà nídìí tábìlì, ó ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì ti rándà. Rándà náà ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ti ba pákó mẹ́rin jẹ́ láàárọ̀ yẹn.

"Nọ́ńbà yẹn," ó sọ láìgbójú sókè, "ṣé o fi nǹkan sínú rẹ̀?"

Ìyá pa ìwé nọ́ńbà rẹ̀ dé.

"Mo mọ̀ ọ́. Ọdún méjìdínlógójì la jọ ń gbé. Mo gbọ́ bó o ṣe ní kó kọ 298." Ó gbé rándà kalẹ̀. "Kí lo wá ń dúró dè?"

"Ọwọ́ rẹ tó kù, bàbá ọmọ mi. Ọrùn rẹ."

"Ta ní ń bá ọ sọ̀rọ̀ ọrùn? Ọwọ́ tí mo ní ni mo fi san ohun tó wà nínú ìwé yẹn. Bó bá jókòó síbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò rí i, a jẹ́ pé mo dà á nù. Lọ sọ ọ́."

Wọ́n jọ lọ ni. Kóòtù kún fọ́fọ́. Ọ̀gá Ńlá jókòó síwájú nínú agbádá funfun, Ẹ̀fọ́rí wà lẹ́yìn rẹ̀ láàrin àwọn géńdé mẹ́fà. Nígbà tí Ìyá ń gun pẹpẹ ẹlẹ́rìí, Ẹ̀fọ́rí gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè kó rí i, ó sì pa á dé.

Ìyá sọ gbogbo rẹ̀. Agbẹjọ́rò Ọ̀gá Ńlá fò dìde. "Ṣé ẹ̀ ń sọ pé ẹ̀yin lẹ kọ èsì ayédèrú, Màmá?"

"Èmi ni mo pè é. Ọkọ mi ló sì san án."

Káfíńtà dìde láàrin èrò, ó gbé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tí kò ní ọwọ́ sókè.

Adájọ́ ní kí akọ̀wé kóòtù kọ́kọ́ ka èsì ibùdó mẹ́rìnlélọ́gọ́rin láti wọ́ọ̀dù tó múlé tì wọ́n, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù kankan kò dé, kó sì máa dárúkọ gbogbo ìbejì. Ó kà á. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Lẹ́yìn náà ó mú ìwé wọ́ọ̀dù Ìyá. Ó ń ṣí i lọ, ó ń ka nọ́ńbà, àwọn ènìyàn ń dúró de ìbejì àkọ́kọ́. Ó ka ogún ìwé, ó ka ogójì. Ní nǹkan bí ọgọ́ta, akọ̀wé náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ìparí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan láàrin èrò ti ń sunkún. Ó ka ìwé ìkẹyìn, ó gbé e kalẹ̀, ó ní, "Kò sí, olúwa mi. Kò sí ẹyọ kan."

"Ṣé kò lè ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀ ni?" ni agbẹjọ́rò béèrè, òógùn ti bò ó.

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀," Ìyá dáhùn. "Bí a bá dìbò yìí nígbà àádọ́ta mílíọ̀nù, ó lè rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ká dúró?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Ńlá kò rẹ́rìn-ín. Kò wo Ìyá rárá. Ó yí ọrùn padà, ó wo Ẹ̀fọ́rí, ó sì pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tí kóòtù túká, àwọn géńdé mẹ́fà náà kò jẹ́ kí Ẹ̀fọ́rí dé ibi ọkọ̀. Wọ́n gbé irin jáde láti inú ẹ̀yìn ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kó o sí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orúnkún. Lórí ọ̀dà títì ni, ní ọ̀sán gangan, níwájú àwọn ọlọ́pàá kóòtù tí wọ́n yí ojú sí ògiri. Ẹ̀fọ́rí bẹ̀ wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lu apá tó fi bo orí títí apá náà fi já sílẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n lu orí. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n wọkọ̀, wọ́n lọ.

Àwọn ènìyàn dúró lókèèrè. Ọkọ Ìyá di apá rẹ̀ mú pé kó má lọ. Ó já apá gbà. Inú rẹ̀ yẹ kó dùn, ó ti retí pé kó dùn, ṣùgbọ́n kò rí ìdùnnú náà níbi tó fi í sí. Ó fi orúnkún tí ń dùn ún kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ojú kan Ẹ̀fọ́rí ti dí, èkejì ń wò ó. Ètè rẹ̀ ń mì, Ìyá ní láti tẹ̀ sún mọ́ ọn kó tó gbọ́.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Tíṣà?" ó ní. "Nígbà yẹn. Ní kíláàsì."

Ìyá gbé ọwọ́ ọ̀tún Ẹ̀fọ́rí sórí itan ara rẹ̀, ó sì sọ fún un. Ó ní owó onírin kò mọ ìtìjú. Ó lè yọ iwájú lẹ́ẹ̀mẹfà léraléra, kì í ká a lára. Ẹni tó ń parọ́ ló ń bẹ̀rù kí nǹkan má jọra jù, ìwọ náà bẹ̀rù, o kò jẹ́ kí ojú kan tẹ̀lé ara rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ìdí tí mo fi mọ̀ nìyẹn. Ìbejì náà, ohun kan náà ni. Gbogbo àlàyé náà kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀fọ́rí ń wò ó, bí ẹni pé ó ń retí èyí tó kù.

"Bẹ́ẹ̀ lásán ni?" ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ lásán ni," Ìyá dáhùn, ṣùgbọ́n kò dájú pé ó gbọ́ ọ.